Ohun Tó Wà Lábẹ́ Orúkọ Ọbalọlá

Ìjà ni Mujeedat àti Kevwe fi bẹ̀rẹ̀. Ìjà kékeré ni. Ọ̀rọ̀ fóònù ló dá a sílẹ̀.

Ní Àpápá ni Mujeedat ti ń ṣiṣẹ́, ní ọ́fíìsì àwọn tó ń bá oníṣòwò gba ẹrù jáde ní wọ́ọ̀fù. Òun ló ń bójú tó ojú òpó wọn lórí Instagram. Oghenekevwe, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Kevwe, wá pààrọ̀ fóòmù àga wọn. Ọmọ Urhobo ni, ṣùgbọ́n Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n bí i sí, nítòsí Boundary, níbi tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Nígbà tó gbọ́ iṣẹ́ tí Mujeedat ń ṣe, ó na fóònù tirẹ̀ sí i.

"Ẹ bá mi wò ó. Mo ń gbé àwòrán àga síbẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹnikẹ́ni ò pè mí."

Mujeedat wo àwòrán náà. Àga náà dára. Ó wo ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín.

"Kí ni gbogbo èyí?"

"Háṣítáàgì ni."

"Mo mọ̀ pé háṣítáàgì ni. Kí ni wọ́n ń wá lábẹ́ àga?"

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi àmì # síwájú rẹ̀ ni háṣítáàgì, kí ẹni tó bá ń wá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lè bọ́ sórí àwòrán náà. Kevwe ti to tirẹ̀ jọ bí ẹni to búlọ́ọ̀kù. Ìfẹ́ wà níbẹ̀. Bọ́ọ̀lù wà níbẹ̀. Ọjọ́ ìbí, ẹwà, Dubai, Lọ́ńdọ̀nù.

"Ta ló máa ti Lọ́ńdọ̀nù wá ra àga ní Boundary?"

"Èèyàn ò lè mọ̀."

"Èmi mọ̀. Kò sí. Ẹni tó ń wá bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù ló fẹ́ wò. Tó bá rí àga, á kọjá ni. Ẹni tó ń wá àga ní Àpápá ńkọ́? Kò lè rí ẹ. O ò kọ Àpápá síbẹ̀. O ò kọ àga pàápàá síbẹ̀."

Kevwe yọ ìṣó kan kúrò lẹ́nu. Ẹnu ló ń kó ìṣó sí tó bá ń ṣiṣẹ́. "Madam, ẹ̀yin lẹ mọ èyí. Èmi, fóòmù ni mo mọ̀."

"Má pè mí ní madam. Mi ò jù ẹ́ lọ."

"Ṣé kí n máa pè ẹ́ ní Mujeedat?"

"Ta ló sọ orúkọ mi fún ẹ?"

"Ó wà lára tábìlì ẹ."

Mujeedat kọ́ ọ, nítorí kò fẹ́ràn kí iṣẹ́ dáadáa máa ṣòfò. Ó ní kó dín ọ̀rọ̀ náà kù. Kó kọ àdúgbò. Kó kọ irú iṣẹ́ tó ń ṣe. Kó mú orúkọ kan tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan, kí ẹni tó bá ra àga lè so ó mọ́ àwòrán pálọ̀ ara rẹ̀, kí ọ̀rẹ́ ẹni náà lè tẹ̀ ẹ́ kó sì rí gbogbo àga yòókù.

"Ó ku ọ̀kan. Má gbàgbé eléyìí. Kó o tó so ọ̀rọ̀ kan mọ́ ọjà ẹ, tẹ̀ ẹ́, kó o wọ inú ẹ̀ wò. Mọ àwọn tó wà níbẹ̀, kó o mọ ohun tí wọ́n ń ṣe."

Ohùn rẹ̀ ti yí padà. Kevwe gbé ojú sókè.

"Ṣé ẹnì kan ti ṣe bẹ́ẹ̀ sí ẹ rí ni?"

"Wọ́n ti ṣe é sí wa. Máa kan ìṣó ẹ."

Kò pẹ́ púpọ̀ tí Kevwe fi tún dé sí ọ́fíìsì náà. Mujeedat wo ọwọ́ rẹ̀. Kò mú òòlù dání.

"Àga wo ló bàjẹ́?"

"Kò sí. Obìnrin kan pè mí láti GRA. Ó ní Àpápá lòun tẹ̀, òun sì rí mi. Mo wá dúpẹ́."

"O ti dúpẹ́."

"Mi ò tíì ṣe tán."

Ó ń dúpẹ́ bẹ́ẹ̀ títí òjò ọdún náà fi dá. Ó máa ń dúró dè é níta ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n á jọ rìn láàárín àwọn tírélà. Nígbà mìíràn wọ́n á lọ jẹ ẹja díndín ní Coconut, níbi tí àwọn mẹkáníìkì ti ń nu epo dúdú kúrò lọ́wọ́, wọ́n á máa wo ọkọ̀ tó ń lọ sí èbúté Tin Can. Kevwe kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí Mujeedat bá dákẹ́, òun náà á dákẹ́, kò sì ní máa wá ohun tó máa fi dí i. Mujeedat fẹ́ràn èyí. Àwọn ọkùnrin tó ti wá fẹ́ ẹ tẹ́lẹ̀ kì í jẹ́ kó sinmi.

Ní Coconut ló ti sọ fún un.

"Mo ní àbúrò ọkùnrin kan. Omi gbé e lọ."

Kevwe gbé ẹja tó fẹ́ jẹ sílẹ̀. "Pẹ̀lẹ́."

Kò béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò béèrè orúkọ. Inú Mujeedat dùn sí i nígbà náà pé kò béèrè. Lẹ́yìn ìgbà tí gbogbo nǹkan dàrú, ó máa ń ronú sí i. Ká ní Kevwe béèrè orúkọ, bóyá ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ì bá ti tán, kí ọkàn tó rìn jìnnà.

Alàájì Fágbénró, bàbá Mujeedat, kò fẹ́ gbọ́. Onílẹ̀ ni wọ́n nínú Ajégúnlẹ̀, ilé wọn sì ti pẹ́ ju títì tó wà níwájú rẹ̀ lọ. Ó pe ọ̀rẹ́ rẹ̀, Bàbá Kọ̀yà, tí Mujeedat ti lọ bẹ̀ pé kó ṣe alárinà.

"Ọmọ Urhobo ni. Kìrìsìtẹ́nì ni. Àga ló ń ṣe. Èwo ni kí n kọ́kọ́ mú níbẹ̀?"

"Mú èyí tó wù ẹ́," Bàbá Kọ̀yà wí. "Ṣùgbọ́n Fidelis ti gbé ilé ẹ láti ìgbà tí irun orí ẹ ṣì dúdú. O ò bi í léèrè ṣọ́ọ̀ṣì rí."

"Ayálégbé nìyẹn. Àna kọ́."

"Ìwọ àti Fidelis lẹ jọ ń jẹun lójoojúmọ́. Èwo ló ku kó jẹ́ àna?"

Alàájì kò rẹ́rìn-ín. Ìyá Mujeedat ló bá wọn dá sí i. Láti ìgbà tí ọmọ rẹ̀ ti lọ, kì í dá sí ọ̀rọ̀ mọ́. Nítorí náà gbogbo wọn dákẹ́ nígbà tó la ẹnu.

"Ọkọ ẹni tí mo bí ni. Ṣé ó ń ṣiṣẹ́?"

"Ó ń ṣiṣẹ́," Bàbá Kọ̀yà wí.

"Ṣé ó ń na èèyàn?"

"Kò na èèyàn. N ò tíì gbọ́ ohùn ẹ̀ dáadáa pàápàá."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá, Alàájì. Mo fẹ́ gbọ́ ariwo nínú ilé yìí kí n tó kú."

Bí wọ́n ṣe gbà nìyẹn. Wọ́n mú ọjọ́ tí ẹbí Kevwe máa wá fún mọ̀mí-n-mọ̀-ọ́. Àǹtí Kevwe tó ń jẹ́ Ejiroghene ló máa ṣáájú wọn.

Kevwe ní òun ò ní dúró dọjọ́ yẹn kí òun tó kí ìyá. Ó fẹ́ mú nǹkan wá tó jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ òun. Ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kò jẹ́ kí Mujeedat rí ohun tó ń ṣe. Ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan, òun àti awakọ̀ kan gbé e wọlé, wọ́n fi aṣọ bò ó. Ìyá jókòó lórí ẹní, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń wà. Alàájì ń bá awakọ̀ náà ṣàwàdà. Kevwe dọ̀bálẹ̀, ó dìde, ó ṣí aṣọ náà.

Àga ńlá kan ni, aláwọ̀ àlùkò, tí wọ́n fi bọ́tìnnì wúrà kan ẹ̀yìn rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Ọba nìkan ló ń jókòó sí irú èyí," Alàájì wí.

Ìyá ń wo bọ́tìnnì náà. Ó dìde nílẹ̀. Ó rìn yí àga náà ká. Ó fi ìka kan bọ́tìnnì kan.

"Ta ló ṣe é?"

"Èmi ni, mà."

"Ìwọ fúnra ẹ?"

"Èmi fúnra mi. Ìgbà tí mo ṣì wà lọ́dọ̀ ọ̀gá mi, irú ẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ṣe tí àwọn èèyàn fi mọ̀ pé mo mọ iṣẹ́. Mi ò ṣe irú ẹ̀ mọ́ látìgbà yẹn. Ẹ̀yin ni mo padà ṣe é fún."

Ìyá yọ ọwọ́ kúrò lára rẹ̀.

"Ẹ gbé e jáde."

Alàájì yíjú sí i. "Ìyá Mujeedat, kí ló dé?"

"Ẹ gbé e jáde kúrò nílé mi. Kí ẹni tó gbé e wá tẹ̀ lé e."

Kò pariwo. Ó wọ yàrá lọ, ó ti ilẹ̀kùn.

Kevwe wo Mujeedat. Wọ́n gbé àga náà jáde.

Kí ìyá tó ṣílẹ̀kùn, ó pẹ́. Mujeedat bá a lórí bẹ́ẹ̀dì, fóònù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Jókòó," ó wí. "Mo sọ fún ẹ nígbà yẹn pé ẹnì kan ń tajà lábẹ́ orúkọ ọmọ mi, ṣùgbọ́n ìwọ ò rí ọjà náà. Ẹ̀bá omi lo wà ní gbogbo ìgbà yẹn."

Òótọ́ ni. Ní erékùṣù Snake Island ni Ọbalọlá, àbúrò rẹ̀, ti ń ṣiṣẹ́, ó ń jó irin pọ̀ ní ọgbà tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe. Ọkọ̀ kékeré ló máa ń gbé wọn padà sí ìhà Tin Can. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ òjò kan, ọkọ̀ náà dojú dé. Wọ́n fa àwọn yòókù jáde. Wọn ò rí Ọbalọlá. Mujeedat àti bàbá rẹ̀ ń lọ láti èbúté kan sí òmíràn, wọ́n ń bi àwọn apẹja léèrè. Àwọn ọ̀rẹ́ Ọbalọlá gbé àwòrán rẹ̀ sórí ayélujára, wọ́n fi #NíboNiỌbalọláWà sábẹ́ rẹ̀, kí ẹni tó bá rí i ní ọsibítù tàbí ní etí òkun èyíkéyìí lè kọ ọ́ síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ràn káàkiri Àpápá. Ìyá kò lè rìn. Ilé ló wà. Ọwọ́ rẹ̀ ni fóònù wà.

"Mo ń tẹ orúkọ ọmọ mi. Mo ní bóyá ẹnì kan ti rí i. Àga ni mò ń rí. Màá tún padà tẹ̀ ẹ́, àga. Àga aláwọ̀ àlùkò, bọ́tìnnì wúrà. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń gbé e síbẹ̀. Lọ́jọ́ kan, mo rí ẹni tó kọ̀wé. Ọkàn mi sáré. Mo ní wọ́n ti rí i. Mo ṣí i. Ẹni náà ń béèrè pé ṣé wọ́n ń gbé e dé Festac."

Mujeedat bo ojú.

"Mo mọ àga yẹn ju bí mo ṣe mọ èyí tó wà ní pálọ̀ mi lọ," ìyá wí. "Mi ò ní fọmọ fún ẹni tó ni ín."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì Mujeedat lọ sí Boundary. Kevwe wà ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Ó dájú pé kò sùn. Mujeedat kò jókòó. Ó tẹ ọ̀rọ̀ náà lórí fóònù, ó nà án sí i.

Kevwe wò ó. Ó fi ìka fà á sísàlẹ̀. Àwòrán Ọbalọlá, àga, àga, àwòrán Ọbalọlá, àga.

"Ojú òpó ọ̀gá mi nìyí," ó wí.

"Ta ló ń gbé nǹkan síbẹ̀ nígbà yẹn?"

"Èmi ni."

"Kí lo rò pé o ń ṣe?"

"Ọ̀gá mi ní kí n máa wo ohun tó bá ń gbóná ládùúgbò, kí n máa so ó mọ́ ọjà. Mo rí i pé èyí ń gbóná. Mo rò pé eré àwọn aláwàdà kan ni. Mi ò kà á, Mujeedat."

"O ò ka kí ni? Yorùbá ni. O gbọ́ Yorùbá. Ibi tí èèyàn wà ni wọ́n ń béèrè."

"Mo gbọ́. Mi ò kà á ni. Mo kàn gbé e ni."

"Mo sọ fún ẹ ní ọ́fíìsì pé kó o máa wọ inú ẹ̀ wò. O ò rántí èyí nígbà yẹn?"

"Mi ò rántí." Ó dá fóònù padà fún un. "Ibẹ̀ ló ti burú jù. Ká ní mo mọ̀ ọ́n, ǹ bá ti sọ fún ẹ. Kò jọ mí lójú rárá nígbà yẹn, ni mo ṣe gbàgbé ẹ̀. Abeg, má rò pé mo fi pamọ́."

"Ì bá sàn kó o fi pamọ́."

Ọkọ̀ kan kọjá. Kevwe ní, "Màá lọ bẹ ọ̀gá mi kó yọ wọ́n kúrò."

"Yọ wọ́n. Ṣé tó o bá yọ wọ́n, màámi ò ní rí wọn mọ́ ni?"

Ó kúrò níbẹ̀. Kevwe pè é lórí fóònù. Kò gbé e. Ó tún pè é. Nígbà tó yá, kò pè mọ́, ìyẹn gan-an ló wá burú jù fún Mujeedat.

Nílé, Alàájì ń rìn síwá sẹ́yìn.

"Ọjọ́ ti sún mọ́. Kí ni kí n sọ fún Bàbá Kọ̀yà?"

"Ẹ sọ fún un pé mo ní rárá," Ìyá Mujeedat dáhùn.

"Èmi ni mo kọ́kọ́ kọ̀ ọ́. Ìwọ lo ní kí n gbà."

"Mo ti gba ẹnu mi padà."

Àwọn méjèèjì wo Mujeedat. Kò dá sí i. Kí ló fẹ́ sọ? Bó bá ní òun ò fẹ́ Kevwe mọ́, irọ́ ni. Bó bá ní òun fẹ́ ẹ, ojú ìyá rẹ̀ wà níwájú rẹ̀. Ó máa ń rí ọwọ́ Kevwe, bó ṣe ń yọ ìṣó lẹ́nu. Ọwọ́ yẹn kan náà ló tẹ orúkọ Ọbalọlá, tó sì fi tajà. Kò lè ya ọwọ́ méjèèjì sọ́tọ̀.

Nǹkan mìíràn tún wà tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Kí Ọbalọlá tó lọ, nígbà tí Mujeedat ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ́fíìsì, òun náà máa ń so ohun tó bá ń gbóná mọ́ ìpolówó wọn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ ọ. Kò kà wọ́n. Ó lè padà lọ wo àwọn ọ̀rọ̀ náà, kó mọ orúkọ ta ni wọ́n, kó mọ ẹni tó ń sunkún lábẹ́ wọn. Ó mú fóònù, ó sì tún gbé e sílẹ̀. Ẹ̀rù bà á láti wò ó.

Ọjọ́ mọ̀mí-n-mọ̀-ọ́ kọjá. Ẹnikẹ́ni ò wá.

Bàbá Kọ̀yà ló mú ìròyìn wá. Ó bá Mujeedat níbi tó ti ń sá aṣọ.

"Ọkọ ẹ ti fẹ́ kú sínú omi."

"Kì í ṣe ọkọ mi, Bàbá."

"Ẹni tí kì í ṣe ọkọ ẹ, tóò. Gbogbo ọjọ́ tí kò bá níṣẹ́ ló ń sọdá sí Snake Island. Òun àti omi ò sì rẹ́. Àwọn tó jọ ń wọkọ̀ sọ fún mi pé bí ọkọ̀ bá ti gbéra báyìí, ó ti ń bì. Ó ń bì lálọ, ó ń bì lábọ̀."

"Kí ló ń wá níbẹ̀?"

"Mo bi í. Ó ní òun ń wá àwọn tó bá Ọbalọlá ṣiṣẹ́."

Mujeedat fi aṣọ sílẹ̀. "Kí ló fẹ́ fi wọ́n ṣe?"

"Kò sọ. Ìwọ náà mọ̀ pé kì í sọ̀rọ̀."

Ó ronú pé kí òun pè é. Kò pè é. Ó ń bẹ̀rù pé ó lè jẹ́ pé ẹ̀bẹ̀ lásán ni, pé Kevwe fẹ́ kó àwọn ọkùnrin náà wá síwájú ilé láti wá dọ̀bálẹ̀ fún ìyá òun. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn. Ìyá rẹ̀ ò ní gbà á, òun náà ò sì ní lè wò ó lójú mọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ kan, Alàájì ti lọ kírun. Mujeedat wà ní ilé ìdáná, ó ń fọ ìkòkò. Ó gbọ́ ohùn àbúrò rẹ̀.

"Onoriode, ẹ̀wà rèé? Ṣé o sè é ni àbí o jó o pọ̀ mọ́ irin?"

Ẹ̀rín àwọn ọkùnrin tẹ̀ lé e. Ìkòkò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sáré dé pálọ̀.

Ìyá jókòó lórí ẹní. Ó ti gbé fóònù sún mọ́ ojú. Nínú fóònù náà, Ọbalọlá ti gbé ìbòjú tí wọ́n fi ń jó irin sórí bí fìlà, ó fi ṣíbí ń lu àwo, ó ń fi ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣẹ̀sín. Fídíò náà kò gùn. Ó parí. Ìyá tún tẹ̀ ẹ́.

"Onoriode, ẹ̀wà rèé?"

Ìyá fi ìka fà á sísàlẹ̀. Ọbalọlá lórí irin gíga, ó ń juwọ́. Ọbalọlá tó sùn lọ lórí bẹ́ńṣì, tí ẹnì kan fi ẹyọ ẹ̀pà kan sí i ní iwájú orí. Ọbalọlá àti Kenechukwu tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n wọ jẹ́sì bọ́ọ̀lù. Ẹni tó gbé ọ̀kan wá yàtọ̀ sí ẹni tó gbé èkejì. Abẹ́ gbogbo wọn ni orúkọ kan náà wà, #NíboNiỌbalọláWà. Àga kankan kò sí níbẹ̀ mọ́.

"Mi ò tíì gbọ́ ohùn ẹ̀ látìgbà yẹn," ìyá wí. "Kò sí ohùn ẹ̀ lórí fóònù mi. Mo ti wá a títí."

Mujeedat kúnlẹ̀ tì í. Wọ́n wò ó títí Alàájì fi dé, Alàájì náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sì wò ó. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìyá pa iná fóònù.

"Ta ló ní kí wọ́n gbé e síbẹ̀?"

Mujeedat mọ̀ pé òun kò lè purọ́. "Mo rò pé Kevwe ni."

"Ó gbé àga síbẹ̀. Nísinsìnyí ó gbé èyí síbẹ̀." Ojú ìyá le. "Ṣé ó fẹ́ kí n wá fi ìwọ san án fún un ni?"

"Mi ò mọ̀, Màámi. Kò bá mi sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀."

"Pè é. Kó má mú alárinà wá. Kó má mú nǹkan kan wá. Òun nìkan ni mo fẹ́ rí."

Ó wá ní ọjọ́ kejì. Ó ti rù. Ó dọ̀bálẹ̀, ìyá kò ní kó dìde kíákíá. Nígbà tó dìde, ó jókòó sórí bẹ́ńṣì tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, bí ẹni tó mọ̀ pé wọ́n lè ní kí òun máa lọ. Mujeedat dúró sẹ́yìn ìyá rẹ̀. Wọn kò tíì jọ sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ Boundary.

"Àga tó o gbé sábẹ́ orúkọ ọmọ mi," ìyá wí, "ṣé ó tà?"

Mujeedat di ọwọ́ ara rẹ̀ mú. Ó ń bẹ̀ ẹ́ nínú ọkàn pé kó sọ pé kò tà. Ọ̀rọ̀ kan péré ni. Ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀.

Kevwe wolẹ̀. Ó gbójú sókè.

"Ó tà, mà."

"Láti ibẹ̀ yẹn?"

"Láti ibẹ̀. Ẹni tó béèrè nípa Festac yẹn ló rà á. Èmi ni mo gbé e lọ fún un."

Alàájì, tó dúró sí ẹnu yàrá, pa ojú dé.

"O lè sọ pé kò tà," ìyá wí.

"Mo lè sọ bẹ́ẹ̀, mà."

"Kí lo wá lọ ṣe ní erékùṣù? Ṣé kí n lè dárí jì ẹ́?"

"Rárá, mà. Mo lọ bi wọ́n pé ta ni Ọbalọlá. Mo ti fi orúkọ ẹ̀ tajà, mi ò sì mọ̀ ọ́n. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí n sùn."

"Wọ́n sọ fún ẹ?"

"Ẹnì kan lé mi. Ó ní kí n padà sínú ọkọ̀ tó gbé mi wá. Mo tún padà lọ. Àwọn yòókù sọ fún mi. Wọ́n fi ohun tó wà lórí fóònù wọn hàn mí. Mo ní ẹ̀yin ló yẹ kẹ́ ẹ rí i, kì í ṣe èmi. Mo ní kí wọ́n gbé e síbẹ̀ fúnra wọn. Mi ò fọwọ́ kan orúkọ yẹn mọ́, mà."

Ìyá wò ó fún ìgbà pípẹ́. Mujeedat kò mọ ibi tí ojú yẹn ń lọ.

"Ẹ̀wà tí wọ́n ń jẹ nínú fídíò yẹn," ìyá wí. "Ọbalọlá kì í jẹ ẹ̀wà. Ó ní ó ń dà á láàmú nínú."

Kevwe fẹ́ sọ̀rọ̀, ó dákẹ́.

"Sọ ọ́."

"Onoriode sọ fún mi pé ojoojúmọ́ ló ń jẹ ẹ́, mà. Ó máa ń ní kí wọ́n bù kún un."

"Wọ́n ń bù kún un? Ó ń jẹ ẹ̀wà?"

"Ó ní..." Kevwe wo Mujeedat, ó wo ilẹ̀. "Ó ní ẹ̀wà tiyín ni òun ò lè jẹ. Ó ní ẹ kì í fi ata sí i tó. Kò fẹ́ kẹ́ ẹ bínú, ló ṣe ní inú ń dun òun."

Ẹnu Ìyá Mujeedat là. Alàájì kọ́kọ́ wú ikọ́ ní ẹnu yàrá, àmọ́ ẹ̀rín ló fẹ́ rín.

"Èmi?" ìyá wí. "Ọmọ yẹn. Gbogbo ọdún tí mo fi ń se ìrẹsì lọ́tọ̀ nítorí ẹ̀."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ẹ̀rín di ẹkún, ẹkún tí Mujeedat kò tíì gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí láti ọjọ́ tí ọkọ̀ ti dojú dé, ẹkún tó ń jáde tó sì ń fẹ̀ bó ṣe ń jáde. Mujeedat fẹ́ dì í mú. Ìyá juwọ́ sí i pé kó fi òun sílẹ̀. Ó fi etí gèlè nu ojú.

"Kí ló tún sọ?"

"Ó pọ̀, mà."

"Ṣé mo ní kó kéré?"

Alàájì sún mọ́ wọn. "Ìyá Mujeedat, Bàbá Kọ̀yà wà níta. Ó ti wà níbẹ̀ látìgbà tí ọmọ yìí ti wọlé. Kí ni kí n sọ fún un?"

"Ẹ sọ fún un pé kó mú ọjọ́ mìíràn. Kí àwọn ẹbí ẹ̀ máa bọ̀." Kò yíjú kúrò lára Kevwe. "Kẹ́ ẹ sì pa ẹnu mọ́ ná, Alàájì. A ò gbọ́ ohun tó ń sọ."

Kevwe ṣì wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ó ti la ẹnu, ọ̀rọ̀ kò tíì jáde. Mujeedat rìn kọjá ìyá rẹ̀, ó jókòó sórí bẹ́ńṣì náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Máa sọ ọ́," ó wí. "Màámi ń dúró."